Ẹjọ́ Afẹ́fẹ́ àti Ìwé Fírídọ̀mù Toheeb

Providence, Rhode Island
24 Oṣù Kejìlá, 2025

Bàbá mi, ọ̀gá mi,

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi Toheeb yìí náà ni! Ẹ má bi Rọ̀kíbátù léèrè mọ́, òótọ́ ló sọ fún yín. Orúkọ mi ti wọ inú ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi pe ìjọba Amẹ́ríkà. Toheeb tó fi iléèwé sílẹ̀ láìpé, tí tíṣà ní kò ní mọ nǹkan kan ju irin lọ, irin yẹn náà ló gbé mi dé iwájú adájọ́. Gbogbo àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ní Bàrígà, ta ni nínú wọn tí ìjọba Amẹ́ríkà mọ orúkọ ẹ̀? Ẹ dárúkọ ẹnì kan péré fún mi.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́. Etí yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́ látìgbà tí ariwo irin ti bà á jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo ẹ̀ sórí fóònù Rọ̀kíbátù, kó tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ẹ̀ ní Ṣómólú, kó gbé e wálé fún yín. Rọ̀kí, má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ o. Bàbá ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ẹ mọ̀ pé àárín òkun la ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù ńláńlá là ń gbé dúró sínú omi. Afẹ́fẹ́ á máa yí i, iná á gba inú wáyà abẹ́ omi lọ sílé àwọn èèyàn. Apá fáànù kan ṣoṣo, ó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù! Èmi ni mò ń jó àkàbà irin tí wọ́n fi ń gun òpó ẹ̀. Tí mo bá ti dé ìbòjú, tí mo tan iná, fọ́máànù wa á dúró sẹ́yìn mi, á máa wò mí bí ẹní ń wo sinimá.

Àṣé ìjọba ò fẹ́ràn wa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yìí ni wọ́n kọ ìwé jáde: kí gbogbo wa dáwọ́ dúró, àádọ́rùn-ún ọjọ́ gbáko. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, àṣírí ni, àwọn ò lè ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ìjọba yìí kan náà ló fọwọ́ sí i pé ká ṣe é o. Ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, sítáǹbù wà lórí ẹ̀, iṣẹ́ sì ti kọjá ìdajì. Ilé iṣẹ́ wa ní irọ́ ni, wọ́n ti gba kóòtù lọ kí adájọ́ wọ́gi lé e.

Ibẹ̀ lèmi ti wọlé. Lọ́yà wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sabina, ní òun ń wá òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó máa búra síwèé, kí adájọ́ rí i pé èèyàn ni ìjọba dá dúró. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ mú? Mo sọ fún wọn pé ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ yín ní Abúlé Òkúta, pé mo gba fírídọ̀mù, pé sàtífíkéètì mi wà lọ́wọ́ mi. Sabina ní òun máa kọ̀wé sí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i, torí pé lọ́yà ìjọba á tú gbogbo ìwé wa wò, ẹni tí ìwé ẹ̀ ò bá sì mọ́, ilé iṣẹ́ ò ní gbé e padà sójú òkun. Mo ti fún un ní ímeèlì Rọ̀kí. Tó bá ti kọ̀wé, ẹ sáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tán.

Màámi ní kí n kí yín.

Ọmọ yín tí ìjọba ń sá fún,
Toheeb.


Abúlé Òkúta, Bàrígà
29 Oṣù Kejìlá, 2025

Toheeb, ọmọ Wosilat àbúrò mi,

Àlàáfíà la wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, Rọ̀kíbátù ló bá mi ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá ẹ ńkọ́? Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti gbúròó ẹ gbẹ̀yìn. Àfi ìgbà tí ìjọba lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ lo wá rántí ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́. Kò burú. Ọmọ á rántí ilé bó pẹ́ bó yá.

Ìwé ẹ bà mí lẹ́rù. Ta ló rán ẹ sí ìjọba onílùú? O rántí ìgbà tí àwọn tó ní àwọn ló nilẹ̀ wá kun ọ̀dà pupa sára ṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́? Mo lọ sí kóòtù, adájọ́ dá mi láre, mo lẹ ìwé ìdájọ́ mọ́ ògiri kí gbogbo ayé lè kà á. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé katakata wá, ògiri wó, ìwé ìdájọ́ wà lára ẹ̀. Nítorí náà tí adájọ́ tiyín bá ní kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́, ta ló máa di ìjọba lọ́wọ́ mú? Ṣé wọn ò ní torí ẹ̀ dá ẹ padà wálé?

Fáànù tó ń tan iná yẹn, tẹ́ ẹ bá rí i parí, ẹ ju ẹyọ kan sínú ọ̀sà Bàrígà fún wa. Látọjọ́ Jímọ̀ la ò ti ní iná, à ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Ohun kan ni ò yé mi. Sàtífíkéètì wo? Mi ò rántí pé mo ṣe fírídọ̀mù fún ẹ. Ohun tí mo rántí ni pé ó ku díẹ̀ ká ṣe é nígbà tí ìwé ìrìnnà ẹ dé. Ó ṣì wà lọ́kàn mi pé ọjọ́ tó o bá délé, màá pe àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wẹ́dà jọ, a óò ṣe é. Ṣàlàyé fún mi, kí n tó dá obìnrin yẹn lóhùn.

Bàbá ẹ,
Rájí.


Providence
2 Oṣù Kìíní, 2026

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.

Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò lè dá mi padà. Káàdì ìgbélùú wà lápò mi. Kì í tiẹ̀ ṣe èmi ni mo pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé iṣẹ́ ló pè wọ́n, èmi kàn ń jẹ́rìí ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò máa rò pé èmi ni. Kí ló kàn yín níbẹ̀?

Ti katakata tẹ́ ẹ sọ yẹn, Sabina ní tibí yàtọ̀. Ó ní tí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀, ọkọ̀ wa á ṣí ni. Bàbá, ẹ ò tíì rí ọkọ̀ yẹn! Ó lẹ́sẹ̀ irin bíi ti àkàn. Tó bá dójú iṣẹ́, á na ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkun, á wá gbé odindi ara ẹ̀ dìde kúrò lórí omi, tí ìgbì á máa kọjá lábẹ́ wa. Yíyá ni wọ́n yá a. Tí ẹjọ́ yìí bá pẹ́, ọkọ̀ á gba ibòmíì lọ, kò sì sí irú ẹ̀ nítòsí. Ìyẹn la ṣe ń kánjú.

Sàtífíkéètì kẹ̀? Ẹ̀yin náà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i fún mi ní pálọ̀ yín. 14 Oṣù Kẹjọ, 2022 ló wà lórí ẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga yín tó kọjú sí fèrèsé, mo kó ìwé yẹn bá yín, ẹ ní, "Toheeb, fún mi ní bírò," ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ tún ní kí n má lọ fi iṣẹ́ yín ṣe yànga níbẹ̀. Ẹ rántí báyìí? Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa ń gbàgbé nǹkan. Mi ò bá yín jà o. Ẹ sáà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn mẹ́ta tó kù ti fi ìwé tiwọn sílẹ̀. Tèmi ni wọ́n ń dúró dè.

Toheeb yín.


Providence
15 Oṣù Kìíní, 2026

Bàbá,

Mi ò ní kí yín lónìí.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi ń wo fóònù, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá ọkàn yín ti balẹ̀ ni. Láàárọ̀ yìí Sabina ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun. Mo ra tai, mo so ó mọ́rùn o! Mo rò pé ọjọ́ tí a máa lọ bá adájọ́ ló fẹ́ sọ fún mi. Ó yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ kọjú sí mi. Mo rí orúkọ yín, mo rí ọ̀rọ̀ yín: "Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí." Ibẹ̀ lẹ fi mọ. Ẹ ò tiẹ̀ fi kún un pé mo mọṣẹ́.

Ọdún mẹ́fà, Bàbá! Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbá ṣọ́ọ̀bù yín kí oòrùn tó yọ. Mo ti ru irin lórí láti Abúlé Òkúta dé Obanikoro torí ẹ ní ká má san owó mọ́tò. Iná irin jẹ ojú mi débi pé mò ń fi aṣọ tútù dì í kí n tó lè sùn. Àwọn tí mo dé bá níbẹ̀ ti gba fírídọ̀mù, àwọn tí mo ṣáájú ti gbà á, Àbúdù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó ilẹ̀kùn ti gbà á! Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín, èmi ni mo gun bàálù lọ́wọ́ òfo. Mo pa á mọ́ra.

Ìjọba ibí fọwọ́ sí ìwé fún wa tán, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ìwé tán, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mọ́. Tìjọba ò tiẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀, torí pé ìjọba ò wò mí dàgbà. Tiyín ló dùn mí jù. Ẹ tà mí, Bàbá. Ẹ tà mí fún lọ́yà ìjọba, ẹ ò sì gba nǹkan kan lórí mi.

Ìparí oṣù yìí ni Sabina máa kó gbogbo ìwé sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé míì sí i, ẹ ní àṣìṣe ni. Tẹ́ ò bá kọ ọ́, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́.

Toheeb.


Ṣómólú
17 Oṣù Kìíní, 2026

Toheeb,

Èmi Rọ̀kíbátù ni. Ọdún méjì ni mo fi jù ẹ́ lọ, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó o pè mí ní Àǹtí. Má yọ ara ẹ lẹ́nu, mi ò tìtorí ìyẹn kọ̀wé.

Mo tẹ ìwé ẹ jáde bó o ṣe ní kí n ṣe. Mi ò yọ nǹkan kan. Mo dúró tì í nígbà tó ń kà á. Nígbà tó dé ibi tó o ti ní ó tà ẹ́, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ká ìwé náà, ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láìtan ẹ̀rọ. Àwọn kọ́sítọ́mà ń wá, ó ní kí wọ́n padà wá. Ọjọ́ kejì rèé.

O fẹ́ mọ ìdí tí kò fi tètè dá ẹ lóhùn? Ó ní kí n wá òun lọ sílé ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n ṣí ìwé orúkọ wò, bóyá lóòótọ́ lòun gbàgbé. Bàbá mi tó ń bú àwọn ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé skúrù kan, òun ló lọ ń wò bóyá òun ti ń gbàgbé. Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀, Toheeb. Ìgbà náà ló tó ní kí n kọ̀wé sí obìnrin yẹn. Ó tún ní kí n má kọ ju gbólóhùn kan lọ, torí pé tí òun bá ń ṣàlàyé, òun á ba tìẹ jẹ́.

Obìnrin yẹn fi sàtífíkéètì ọ̀hún ránṣẹ́, mo wò ó. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bọ́dà aláwọ̀ ewé yẹn, kò sí òpópónà ní Ṣómólú tí wọn ò ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn tó ohun tí mo máa sọ. Bàbá ní òun á kọ̀wé fúnra òun tínú òun bá rọ̀.

Àǹtí ẹ.


Abúlé Òkúta, Bàrígà
26 Oṣù Kìíní, 2026

Toheeb,

Mo kí ẹ, torí ẹni tó bá bínú náà ń jẹ́ kíkí.

Mo ka gbogbo ohun tó o kọ. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. O gbá ṣọ́ọ̀bù, o ru irin, mi ò tọ́jú ẹ bó ṣe yẹ nígbà míì. Àbúdù ò mọ ilẹ̀kùn jó, ìyẹn náà òótọ́ ni. Iṣẹ́ tó o mọ̀, ojú mi lo ṣe kọ́ ọ, mo sì ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ẹ pé mi ò tíì ní ọmọṣẹ́ tó lọ́wọ́ tó ẹ. Bóyá ojú ẹ ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ 14 Oṣù Kẹjọ.

Ní Oṣù Keje ọdún yẹn ni mo jábọ́ lórí àkàbà níbi tí à ń gbé irin sí fèrèsé ní Obanikoro. Ìwọ àti onímọ́tò kan lẹ gbé mi lọ sí ọsibítù eegun ní Igbóbì. Apá ọ̀tún mi ni wọ́n fi pí-ó-pí dì láti èjìká dé ọmọ ìka, wọn ò sì tú u títí di ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n fi tú u, o ti wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ. Ní 14 Oṣù Kẹjọ, mi ò lè mú ṣíbí, áḿbọ̀sì bírò. Ọjọ́ yẹn la ti kọ́kọ́ dá fún fírídọ̀mù ẹ, mo sì sún un síwájú. O bẹ̀ mí pé kí n fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí i, kí n fi ọwọ́ òsì gbé irinṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́. Mo ní rárá, mi ò ní fi ọwọ́ òsì yọ̀ǹda ọmọ mi fáyé. Mo ní kó o dúró. Bóyá mo le jù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń rò ó.

Ohun tó dùn mí kọ́ ni ìwé yẹn. Lójoojúmọ́ nínú oṣù yẹn, ta ló ń bu omi fún mi ṣe àlùwàlá? Ta ló ń rọra fi omi díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ pí-ó-pí yẹn kí inú ẹ̀ má baà rin, tí á tún fọ ọwọ́ òsì mi fún mi bí ẹní ń fọ ọmọ tuntun? Ìwọ ni. Ìwọ yẹn náà lo wá ń sọ fún mi pé apá ọ̀tún yẹn ló na ọwọ́ gba bírò lọ́wọ́ ẹ. Mo lọ ń bi àwọn ẹgbẹ́ mi léèrè bóyá orí mi ti ń dàrú. Mo ti búra sọ òótọ́ níwájú kóòtù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì wó ṣọ́ọ̀bù mi síbẹ̀síbẹ̀. Mi ò torí ẹ̀ kọ́ irọ́. Mi ò lè kọ́ ọ báyìí.

Ọmọ mi ṣì ni ẹ́. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ láti gbà padà.

Rájí.


Providence
10 Oṣù Kejì, 2026

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira mi.

A borí o! Ẹ sọ fún gbogbo Abúlé Òkúta. Adájọ́ ní ìjọba ò lè fọwọ́ sí nǹkan, kí àwọn èèyàn kó ara wọn lé e, kí wọ́n wá dìde lọ́jọ́ kan wí pé àṣírí kan wà tí àwọn ò lè sọ. Ó ní àlàyé wọn ò tó. Ó ní kí iṣẹ́ máa lọ títí ẹjọ́ á fi parí. Katakata ò wá, Bàbá. Ọjọ́ kejì gan-an lọkọ̀ ṣí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ará ìlú dúró sí etí omi, wọ́n ń ju ọwọ́. Nínú ìdájọ́ yẹn, adájọ́ sọ ọ́ pé òun ka ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta búra lé lórí, ó sì wọ òun lára.

Mẹ́ta ni o. Mẹ́rin la jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí ìwé yín dé, mo kà á tán, mo lọ bá Sabina. Mo ní kó yọ tèmi kúrò. Ó bi mí nídìí ẹ̀, mo sọ fún un. Wọ́n ní kí n padà sí yáàdì, kí n máa jó irin lórí ilẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ mi. Mo ṣì ń jó o dáadáa, ẹ má rò pé ọwọ́ mi ti rọ. Èmi náà wà létí omi nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Fọ́máànù rí mi, ó bojú wo ibòmíì.

Èmi ni mo kọ orúkọ yín síbẹ̀. Kí n tó gun bàálù ni, lẹ́yìn Pámgróòfù ní Ṣómólú, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan, mo fi ẹ̀yìn ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ṣe tábìlì. Ẹ ti mọ ìyẹn kí n tó sọ ọ́. Inú ń bí mi nípa ọwọ́ òsì yẹn, inú ṣì ń bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ohun kan ló kù tí ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí Sabina fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, kí n tó délé wá kọ pé ẹ tà mí, ó bi mí pé kí ló lè mú kí ọ̀gá mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ti darúgbó. Mo ní iyè yín ti ra, pé ẹ ò dá ọmọ yín gan-an mọ̀ mọ́, kó má fiyè sí yín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Toheeb."

Mo ní ó ṣeun.

Toheeb.